Ó Ku Bọ́tìnnì

Lọ́jọ́ tí Bàbá Télọ̀ parí aṣọ gbogbo èèyàn, gbogbo àdúgbò ló dúpẹ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ figbe bọnu. Ó ń to búrẹ́dì sórí tábìlì níwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí Bàbá Télọ̀ yọ sí i, tó gbé aṣọ kan lé apá méjèèjì bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tuntun. Wọ́n ti lọ aṣọ náà, ó ń dán, bọ́tìnnì rẹ̀ sì pé. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo aṣọ, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo aṣọ.

"Ta ló ni èyí?"

"Ìwọ lo ni ín."

"Èmi! Èyí tí mo gbé wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?" Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ará ilé, ẹ jáde wá o! Ó-Ku-Bọ́tìnnì ti rán bọ́tìnnì!"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó fa ariwo. Láti ìgbà tí bàbá náà ti ń ránṣọ ládùúgbò yẹn, kò sí aṣọ kan tó parí lọ́jọ́ tó dá fún un rí. Bí o bá lọ bá a, á dìde, á fi téèpù kọ́ ọrùn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ó ku bọ́tìnnì." Ó lè jẹ́ pé kò tíì gé aṣọ ọ̀hún rárá, pé ọ̀rá tí o fi gbé e wá ló ṣì wà, ó ku bọ́tìnnì náà ni. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lẹ́yìn nìyẹn. Àwọn ọmọdé gan-an, bí ìyá wọn bá bi wọ́n bóyá wọ́n ti fọ abọ́, wọn á ní, "Màámi, ó ku bọ́tìnnì," wọn á sì sá lọ.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ojúlé dé ojúlé ló ń lọ. Ó gbé ṣòkòtò Tíṣà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tíṣà wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ń yí bírí bírí níwájú ilé, ó ní èló lowó iṣẹ́. Bàbá Télọ̀ mi orí.

"Máa wọ̀ ọ́ lọ. Máa fi rántí mi."

"Bàbá, báwo la ṣe fẹ́ gbàgbé yín? Nígbà tó jẹ́ pé ṣòkòtò yín ló ń fún wa nídìí!"

Gbogbo ojúde rẹ́rìn-ín. Bàbá Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló dùn mọ́ wọn jù, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i lójú rẹ̀. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti gbè é. Wọ́n ní Ọlọ́run ò sùn. Àgbàlagbà obìnrin kan tó ń gbé ní ìkángun títì gbàdúrà fún un, ó sì ṣe àmín fún gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré.

Nínú ilé, Ìyá, aya rẹ̀, ń dín ẹyin, orin sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọkọ rẹ̀ ò ti jẹun gidi. Á kàn máa fi ṣíbí ro oúnjẹ sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù sínú rẹ̀. Lóru, etí bẹ́ẹ̀dì ló ń jókòó sí. Bí Ìyá bá ní kí ló dé, á ní kò sí. Kò-sí yìí ti wá di ẹni kẹta nínú yàrá wọn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ojú abẹ́rẹ́ ti di ọ̀tá rẹ̀, àwọn tó sì ń ta aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ti gba oníbàárà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá sọ̀rọ̀, ohun kan náà ló ń sọ: "Mo ti di ẹrù sí yín lọ́rùn."

Láàárọ̀ yìí, ó jẹ ẹyin tán, ó fi búrẹ́dì nu abọ́, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní tíì sí i. Ó pe Ìyá ní orúkọ tó ń pè é nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ìyá wọ yàrá lọ, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni ìyàwó ọmọ wọn dé láti ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Nọ́ọ̀sì ni, ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn. Àwọn ará àdúgbò kì í fẹ́ dárúkọ ibẹ̀. "Ọ̀hún yẹn" ni wọ́n ń pè é, wọn á sì fi ètè júwe ọ̀nà rẹ̀.

Bàbá Télọ̀ pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó wa, o káàbọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ bí?"

"Ó pọ̀ díẹ̀, Bàbá. Ẹ kúulé o."

Ó na nǹkan kan sí i tí wọ́n fi aṣọ pupa wé. "Gba èyí. Ìwọ lo mọ nǹkan tọ́jú nílé yìí."

Nọ́ọ̀sì tú u. Àlùmọ́gàjí bàbá ni, èyí ńlá tó fi ń gé aṣọ, tí ibi ìdìmú rẹ̀ ti jọ̀lọ̀ bí òkúta inú odò nítorí ọwọ́ kan ṣoṣo tó ti ń dì í mú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó lè rò ó lọ. Ó wọ yàrá, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó dùbúlẹ̀.

Oorun ò wá.

Ẹni tó bá ti gbé ilé télọ̀ mọ òfin àlùmọ́gàjí. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Télọ̀ kì í yáni, kì í fi gé bébà, kì í fi í sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, tí kò tíì mojú ilé, ó fi í gé ẹnu ọ̀rá mílíìkì. Bàbá Télọ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó kàn jókòó, ó ń pọ́n ọn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lára bí ẹni ń tu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nínú. Ṣé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ló wá na àlùmọ́gàjí síni lówùúrọ̀ kùtù bí ẹni na búrẹ́dì?

Ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn ará ojúde láti ojú fèrèsé. Ó gbọ́ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ń ka àwọn tó ti gba aṣọ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé, ó dà bí ìgbà téèyàn ń juwọ́ ó dàbọ̀ sí ọkọ̀ tó ń lọ, tí kò mọ̀ pé ọmọ òun ló wà nínú rẹ̀.

Ó dìde jókòó. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ pé kì í ṣe ọjọ́ ẹkún nìkan lèèyàn ń bẹ̀rù. Ẹni tó ń sunkún ṣì ń bá ayé jà. Ìgbà mìíràn, ẹni tó ti pinnu, tí ìjà ti tán nínú rẹ̀, òun ni ara rẹ̀ máa ń fúyẹ́ lójijì, òun ló máa ń pín nǹkan rẹ̀, tó máa ń san gbèsè, tó máa ń dá ẹrù ẹlẹ́rù padà, tó máa ń kí gbogbo èèyàn. Ojoojúmọ́ ni Nọ́ọ̀sì ń jókòó ti àwọn tí kò mọ̀ rí, tó ń bi wọ́n bóyá ó ń wá sí wọn lọ́kàn láti pa ara wọn. Ó ń bi wọ́n bí ìgbà téèyàn ń bi àlejò bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ ẹni kì í ṣe àlejò.

Ó mú àlùmọ́gàjí náà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó lọ sí ilé ìdáná. Ìyá ń da ata sínú ẹ̀wà ọ̀sán. Ọmọ rẹ̀, ọkọ Nọ́ọ̀sì, jókòó lórí àpótí, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mẹkáníìkì ni, epo ọkọ̀ kì í kúrò ní èékánná rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀rù Bàbá ń bà mí."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Lónìí tó jẹun?"

"Wọ́n fún mi ní àlùmọ́gàjí wọn."

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n fẹ́ràn rẹ jù mí lọ nìyẹn. Èmi tí mo ti ń wò ó láti kékeré, ìgbátí ni wọ́n fún mi."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àwàdà. Ẹ wò ó. Wọn ò sùn. Wọ́n ń pe ara wọn ní ẹrù. Wọ́n wá jí lónìí, ara yá, wọ́n dá aṣọ gbogbo ayé padà, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n tún fún mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ó yẹ ká bi wọ́n."

"Ká bi wọ́n ní kí ni?" ni Ìyá wí.

"Bóyá wọ́n ń rò ó láti pa ara wọn."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Tutọ́ rẹ̀ dànù! Mo ní kó o tutọ́ rẹ̀ dànù! Inú ilé tèmi lo ti ń pe irú nǹkan báyẹn, láàárọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ tán? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Màámi, ìbéèrè kọ́ ló ń fi í síni lọ́kàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ní kò sí, wọ́n á sì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bó bá wà níbẹ̀, àwọn nìkan ló ń gbé e."

Mẹkáníìkì gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Ilé kọ́ ni wọ́ọ̀dù. Bó o bá ti dé ibí, bọ́ aṣọ iṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi kì í ṣe wèrè."

"Èmi ò pe ẹnì kan ní wèrè. Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ṣé èmi lò ń dá lóhùn?"

"Ẹ pariwo sí i," ni Ìyá wí, "kí Ìyá Oníbúrẹ́dì lè rí ọ̀rọ̀ wa tà lọ́sàn-án."

Láti ibi tí Nọ́ọ̀sì dúró sí, ó ń rí àwòrán tó wà lára ògiri pálọ̀, ti Bàbá Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n Bàbá Télọ̀ tó ti kú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó di ayùn mú, tó ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò bí ẹni fẹ́ bi í ní nǹkan.

"Màámi," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kí ló pa Bàbá Káfíńtà?"

"Àìsàn ránpẹ́."

"Àìsàn ránpẹ́ wo?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú ṣíbí tó bọ́ sílẹ̀. Mẹkáníìkì wo ìyá rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé òun náà ò bèèrè rí. Ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba ilé ìdáná, àwọn mẹ́ta dúró tì í, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ gbé e kúrò lórí iná.

Nọ́ọ̀sì jáde.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ wà níwájú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là wọ́n láàárín, kọ́tìnnì kan sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ká a sókè, ojú rẹ̀ lọ sára ògiri. Gbogbo ìṣó tí wọ́n máa ń fi aṣọ kọ́ lérí ara wọn, títí wọ́n á fi bo fèrèsé, ti ṣófo. Ó dà bí ẹnu tí eyín ti ká tán. Wọ́n ti gbá ilẹ̀. Àkékù aṣọ kan ò sí níbẹ̀.

Aṣọ kan ṣoṣo ló kù, ó wà lórí maṣíìnì, àwọ̀ rẹ̀ bí ojú sánmà lẹ́yìn òjò. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Aṣọ Ìyá ni, èyí tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ìgbà tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́, nítorí ìyàwó télọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn lórí ìlà. Bàbá Télọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sí ìmọ́lẹ̀, ó ń na òwú sí i, ó ń tàsé, ó ń na án, ó ń tàsé.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Ó wá rántí pé níbi iṣẹ́, èèyàn kì í ga ju ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ, kì í sì í rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ó fa àpótí oníbàárà, ó jókòó, ojú rẹ̀ àti ti bàbá náà sì wà lógboogba. Ó tọrọ abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òwú bọ̀ ọ́. Kò dá a padà.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ìyàwó ilé kì í sọ ọ́ fún bàbá ọkọ rẹ̀."

"O ti fi àlùmọ́gàjí mi gé ọ̀rá mílíìkì ni?"

"Rárá o." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó gbé àlùmọ́gàjí náà lé itan rẹ̀, ó di í mú. "Bàbá, ṣé ó ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín?"

Níta, Ìyá Oníbúrẹ́dì ń kígbe pé búrẹ́dì ṣì gbóná. Ọ̀kadà kan kọjá. Bàbá Télọ̀ wo ògiri tó ṣófo. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fẹ́ ní òun ń ṣeré ni, ó fẹ́ ní kí wọ́n má bínú. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kéèyàn béèrè, kó má sì bá ẹni tó bi dáhùn.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni bàbá náà wí níkẹyìn.

"Aṣọ tí ẹ parí ló sọ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan, ẹ̀rín náà sì fọ́ sí i lẹ́nu.

"Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi."

Kò pè é ní ọmọ mi rí. Ìyàwó wa ló ń pè é.

Nọ́ọ̀sì bi í láti ìgbà wo. Ó sọ fún un. Ó bi í bóyá ó kàn ń rò ó ni, àbí ó ti pinnu. Ó ní ó ti pinnu. Ó bi í bóyá ó ti pèsè nǹkan sílẹ̀, ó sì bi í ibi tó wà. Bàbá náà sọ ọ́, ó ń wo ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó máa sá. Kò sá. Kò ní kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Kò ní ẹ ronú nípa Ọlọ́run. Ó kàn mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ilé fún.

"Ìgbà wo lẹ fi í sí, Bàbá?"

Ó fi ọwọ́ kan aṣọ orí maṣíìnì. "Bí ti ìyá rẹ yìí bá ti parí. Ó ku bọ́tìnnì."

Nínú gbogbo ìgbà tí bàbá yìí ti ń sọ gbólóhùn yẹn fún èèyàn, òní nìkan ló jẹ́ òótọ́.

"Kí ló dá yín dúró títí di òní?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé mo gbé aṣọ òun sá lọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò sì fẹ́ kí òun náà máa wo aṣọ tí kò parí. Mo rò ó, mo rò ó. Mi ò ríran. Ọmọ ló ń bọ́ mi. Wọ́n ṣáà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹni tó pa òwe yẹn, kò níyàwó."

Ìyá ló sọ̀rọ̀. Kọ́tìnnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Ó wọlé, ó lọ síbi maṣíìnì, ó fa aṣọ náà yọ, ó ká a mọ́ àyà.

"Mi ò fẹ́ bọ́tìnnì," ló wí. "Ṣé ẹ gbọ́? Mi ò fẹ́ bọ́tìnnì kankan lára rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá mọ́ yẹn, ó sì gbé orí lé orúnkún ọkọ rẹ̀.

"Irọ́ la pa fún yín," ló sọ fún Nọ́ọ̀sì, kò gbójú sókè. "Ti Bàbá Káfíńtà. Àìsàn ránpẹ́ kọ́. Òun náà tún gbogbo àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe tán, ó gbé wọn fún onínǹkan, a ní iṣẹ́ ń yá a lọ́wọ́. Ojú ló tì wá. A dákẹ́. Mo rò pé bí a bá dákẹ́ ó máa lọ."

Bàbá Télọ̀ gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Kò sí ọjọ́ tí mi ò rò ó. Mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mẹkáníìkì ti dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì dìde, ó sọ ibi tí nǹkan náà wà fún un létí. Ó lọ. Nígbà tó padà, ó ti gbé e jìnnà sílé, ojú rẹ̀ tutù, ó sì ti fọ gbogbo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun fọ́ abọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Sí ọ̀hún yẹn?"

"Sí ọ̀hún yẹn. Èmi náà máa jókòó tì yín níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní ọmọ wèrè." Ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò sọ pé kó má bínú. Ó gba báàgì tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀ tòun ti òdòdó tí wọ́n yà sí i, ó sì gbé e jáde sójú títì níwájú gbogbo èèyàn.

Síbẹ̀, kí wọ́n tó jáde, Mẹkáníìkì ti ní, "Bí wọ́n bá bi wá, ká ní ibà ni."

Ìyá kàn di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ rí wọn, Bàbá Télọ̀ láàárín, Ìyá lọ́wọ́ ọ̀tún, Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ òsì. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, níbo lẹ ń to ara yín lọ bí ọmọ ilé ìwé? Ṣé kò sí o?"

Kò sí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n Ìyá. Nọ́ọ̀sì rí i tó gbé e mì.

"Nǹkan wà," ni Ìyá wí. "Ọkàn ọkọ mi ló ń ṣàìsàn. Ó ń rò ó láti fi wá sílẹ̀. À ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀."

Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí kò dákẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, dákẹ́. Ó yí padà, ó sá wọ ilé, Ìyá sì tẹ orí ba, ó rò pé òun náà ti sá fún wọn.

Ó tún jáde. Aṣọ tuntun rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ká a fún un láàárọ̀.

"Ẹ gbà. Mi ò gbà á. Apá rẹ̀ fún mi."

"O ti wọ̀ ọ́ wò ni?" ni Bàbá Télọ̀ wí.

"Ṣé dandan ni kí n wọ̀ ọ́ kí n tó mọ apá mi? Ó fún mi! Nígbà tẹ́ ẹ bá dé, ẹ máa tú u. Mi ò ní gbé e fún télọ̀ mìíràn, mo kìlọ̀ fún yín." Ó ń sunkún, ó sì ń bínú, ó ti búrẹ́dì méjì bọ báàgì tó wà léjìká Mẹkáníìkì láì bi ẹnikẹ́ni.

Tíṣà wọlé láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, ṣòkòtò àtijọ́ ló wà nídìí rẹ̀, ó sì fi tuntun kọ́ apá. "Bàbá, èmi náà. Ìdí."

"Mo ti mọ̀," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Ìdí rẹ ti tóbi sí i."

Àgbàlagbà obìnrin tó gbàdúrà láàárọ̀ súnmọ́ wọn. Ó di ọwọ́ Ìyá mú, ó ní, "Àbúrò mi obìnrin lọ sọ́hùn-ún yẹn rí. Ó padà wá. Ó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ báyìí. Mi ò sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí." Ó sì dúró lójú títì títí wọ́n fi yà ní kọ́nà.

Ní ọsibítù, àgbà nọ́ọ̀sì kan ló pàdé wọn, obìnrin sísanra tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kó tó yọ. Nọ́ọ̀sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Jókòó. O ti ṣe tìrẹ. Lónìí, ọmọ ilé ni ẹ́ níbí, kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

Nígbà náà ni Nọ́ọ̀sì tó sunkún, lórí bẹ́ǹṣì tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń na áńkáṣíìfù sáwọn mìíràn.

Wọ́n mú bàbá náà wọ yàrá kékeré kan, àgbà nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó bi í ní gbogbo ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, láì rẹ ohùn sílẹ̀, láì kánjú. Bàbá Télọ̀ dáhùn. Ó rọrùn fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ; ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan ti mọ ọ̀nà. Dókítà wá, òun náà bi í. Wọ́n ní wọ́n máa dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, pé oògùn máa wà, pé ẹnì kan máa wà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n tan iná sí ojú rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ní èyí tó bò ó lójú yẹn ṣeé bọ́ kúrò, pé wọ́n á mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ojú.

"Ó ṣeé bọ́?" ni Bàbá Télọ̀ wí. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un rí. Òun náà ò sì sọ fún ẹnì kan rí, àfi lónìí, pé òun ò ríran.

Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù, ó tún ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń wò ó nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ bi í kí ló dé, kò ní kò sí. Ó ní, "Ó tún dé." Mẹkáníìkì sún mọ́ ọn, ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo ilẹ̀.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé nígbà tí Ìyá padà wá láti ilé ìyàgbẹ́. Ó ti pààrọ̀ aṣọ. Èyí tó ní àwọ̀ sánmà ló wọ̀, píìnì ló fi há iwájú rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, àwọn píìnì náà sì ń dán nínú oòrùn bí ìràwọ̀ tó tètè yọ.

Bàbá Télọ̀ gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó tún kọ́là aṣọ náà ṣe.

"Àlùmọ́gàjí mi ńkọ́?" ló wí lójijì.

"Ó wà nílé, Bàbá," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mò ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni. Mi ò gbà á."

"Má fi gé bébà o."

"Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀."

"Tàbí mílíìkì."

Àgbà nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín láì mọ ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀ bí oníbàárà tó ti rìn dé ṣọ́ọ̀bù tí sùúrù ti fẹ́ tán lára rẹ̀.

"Aṣọ mi ńkọ́, Télọ̀? Ìgbà wo ló máa parí?"

Bàbá náà wo píìnì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà dúró, kò bá a dáhùn, bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ òun náà níṣẹ́ yẹn.

"Ó ku bọ́tìnnì," ni Bàbá Télọ̀ wí.

"Ẹ ṣeun," ni Ìyá wí. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ má kánjú. Mo máa padà wá béèrè lọ́la."